Ogun Ọ̀fẹ́ ní Òkè-Ìjùn, àti Akínlàjà Tó Fi Lẹ́tà Kan Paná Rẹ̀

Lẹ́tà náà ti gun orí ìtẹ́. O ni, O ńlá, roboto bí òṣùpá àárín oṣù, pupa bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yìí ló bọ́ sí àyè rẹ̀ lára aṣọ ìpolongo ràgàjì tí Ẹgbẹ́ Ìgbéga Mẹ̀kúnnù ta sí òkè géètì ilé ìwòsàn ìlú Òkè-Ìjùn, ẹni tó sì gbé e dé ibẹ̀ ni Akínlàjà ọmọ Ọdẹ́tòyìnbó, akọ̀wé ìpolongo ẹgbẹ́ náà ní Wọ́ọ̀dù Kẹta, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àga lọ́wọ́lọ́wọ́, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọ̀tún, agolo ọ̀dà lọ́wọ́ òsì, ètè òkè rẹ̀ sì wú wá síwájú bí ẹni tó fẹ́ súfèé fún gbogbo ìpínlẹ̀.

Ẹ ṣí fìlà fún un. Ẹ má fi ojú ẹni tó gun àga lásán wò ó, nítorí kì í ṣe òní ni ìran rẹ̀ ti ń dé ibi tí ẹlòmíì kò lè dé. Àjàní ni oríkì rẹ̀. Ọmọ-ọmọ Ògúnmọ́dẹdé ni, jagunjagun tó bá òyìnbó lọ sí ogun ní Burma, tó lo ogun náà tán nídìí ìkòkò ìrẹsì, tó sì gbé ìgbákọ rẹ̀ padà wálé láìjẹ́ pé ọta ìbọn kan fara kàn án. Ọmọ Ọdẹ́tòyìnbó ni, télọ̀ abàmì tó gba aṣọ ọdún lọ́wọ́ ìlú méje, tí ìlú méjèèje sì wá a lọ́jọ́ ọdún tí wọn kò rí i mú. Ọmọ ìran tí kì í sá lójú ogun, àfi tí ọ̀nà bá là. Akínlàjà fúnra rẹ̀, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń gbé gbohùngbohùn ẹgbẹ́ kọ́rùn bí ẹní gbé àgbá ìbọn, a-sọ̀rọ̀-kí-adìyẹ-jí-lórí-ẹyin, ọ̀gá àwọn tí ń lẹ ìwé ìpolongo mọ́ ògiri tí wọ́n kọ "Má lẹ ìwé síbí" sí, òun ni akọni tí à ń kí. Àwọn baba ńlá wa ja ogun Kírìjì fún ọdún mẹ́rìndínlógún, wọn kò rí ẹni tó ṣẹ́gun. Akínlàjà ja tirẹ̀ láàárín ọ̀sán kan, ó sì borí.

Ogun tí à ń wí yìí kì í ṣe àfiwé. Wọ́n kọ ọ́ sókè, gbogbo ìlú sì kà á.

Kí ó lè yé onílé àti àlejò, ẹ jẹ́ kí á padà sẹ́yìn díẹ̀. Láti ìgbà tí owó oògùn ti gba ojú ọ̀run lọ bí àṣá, tí hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti di ohun tí àwọn arúgbó ń fi abẹ́ là sí méjì bí awẹ́ obì, ọ̀rọ̀ ìlera ti di ọ̀rọ̀ ìbò ní ìpínlẹ̀ náà. Àwọn tó wà lórí àlééfà ní ọrọ̀ ajé àgbáyé ló fà á, pé kí ará ìlú ní sùúrù. Ẹgbẹ́ Ìgbéga Mẹ̀kúnnù, tí kò tíì wọlé ìbò kankan rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, fèsì pé sùúrù kì í wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn. Wọ́n ní tí àwọn bá dé ilé ìjọba, kò sí àgbàlagbà tí yóò tún sanwó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà ní ilé ìwòsàn ìjọba kankan. Wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo wọ́ọ̀dù kó àwọn alátìlẹ́yìn jọ síwájú ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ wọn. Olùdíje fún ipò gómìnà, Ọ̀mọ̀wé Ìlùfóyè, yóò máa yí ká láti ìlú dé ìlú. Ibi tó bá ti rí àgbàlagbà púpọ̀, yóò dúró, ọkọ̀ ẹgbẹ́ yóò sì já oògùn oṣù kan sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀ kí wọ́n lè fi ojú rí ohun tí wọ́n fi etí gbọ́. Ibi tí kò bá ti rí wọn, yóò juwọ́ láti inú ọkọ̀, yóò sì máa lọ.

Akínlàjà fẹ́ kí ó dúró. Òótọ́ ni pé ó ní ojú sí ipò olùrànlọ́wọ́ pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ ìròyìn, kò sì sẹ́ ẹ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti ń fi ọwọ́ sí ìwé bí ẹni tó wà ní ipò náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá Mojírádé, àbúrò baba rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, wà lára àwọn tí ń la hóró sí méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni òòyì kọ́ ọ ní balùwẹ̀, tó fi ọwọ́ gbá ògiri mú kó má baà ṣubú. Ó ní ọṣẹ ló yọ òun. Akínlàjà wo ilẹ̀ balùwẹ̀, ilẹ̀ náà gbẹ. Ó wo orí fèrèsé, ó rí ìdajì hóró oògùn tó kù, tí ó dì sínú ọ̀rá bí ẹni di wúrà. Ó jáde, ó lọ gbé gbohùngbohùn rẹ̀ kọ́rùn, ó sì polongo títí ohùn rẹ̀ fi há.

Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kọ sára aṣọ náà sórí fóònù, tó fi ránṣẹ́ sí Láísì Akunlé, ẹni tó ń kọ pátákó ní gbogbo agbègbè náà. Ohun tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ni: OOGUN OFE FUN GBOGBO AGBALAGBA. A O GBE E DE ENU ONA YIN. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ gba aṣọ náà ní ìdájí, wọ́n so ó mọ́ igi máńgòrò ní apá kan, wọ́n so ó mọ́ òpó iná ní apá kejì, wọ́n sì gun ọkọ̀ lọ pàdé olùdíje lọ́nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa ni ìlú rí ohun tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́: OGUN OFE FUN GBOGBO AGBALAGBA. A O GBE E DE ENU ONA YIN.

Lẹ́tà kan ló sá, ni ogun bá kù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni àwòrán Ọ̀mọ̀wé Ìlùfóyè wà, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì na ìka sí ẹni tó ń kà á.

Ẹni tó kọ́kọ́ kà á ni Màmá Mojírádé. Òun ni olórí Ẹgbẹ́ Ìyá Àgbà ní Ìta-Ọrọ̀, ibi tó bá sì kọrí sí ni gbogbo àwọn arúgbó ìlú ń tọ̀. Ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà nígbà kan, láti ìgbà náà kò sì sí ìwé tó lè kọjá níwájú rẹ̀ kí ó má pè é ní sílébù kọ̀ọ̀kan. Ó ti kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ní kùtùkùtù kí wọ́n lè rí ibi òjìji jókòó sí. Ó dúró níwájú géètì, ó gbé orí sókè.

"O. Gun. Ogun," ó wí. Ó tún un pè. "Ẹ dúró ná. Ogun ni wọ́n kọ síbẹ̀."

"Ogun kẹ̀?" ìyá kan tó ń jẹ́ Ìyá Adérẹ̀mílẹ́kún bi í. "Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ní wọ́n fẹ́ fún wa ní nǹkan?"

"Òun náà ni wọ́n fẹ́ fún wa. Ogun ọ̀fẹ́, fún gbogbo àgbàlagbà. Wọ́n ní àwọn máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa."

"Ẹnu ọ̀nà tèmi, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilẹ̀kùn."

"Ọdún wẹ́tìẹ̀, nígbà tí àwọn olóṣèlú ń jó ilé ara wọn, ọmọdé ni mí," Màmá Mojírádé wí, "ṣùgbọ́n mo rántí. Èyí tí a sanwó fún nìyẹn o. Ta ló mọ bí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ yóò ṣe rí?"

Wọ́n yí padà, wọ́n gba ilé lọ ní ìlà kan ṣoṣo, iró wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́, bí ọmọ ogun tó mọ ìgbà tí ó yẹ kí á padà sẹ́yìn.

Inú ìsọ̀ Láísì ni ìròyìn náà ti bá Akínlàjà, níbi tó ti lọ san ìyókù owó iṣẹ́. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó ti gbé èkejì, ó gbàgbé ibi tí ì bá gbé e sí.

"Láísì, O kan dà?"

"Ẹ̀gbọ́n Akínlàjà, mo bá yín tún un ṣe ni." Ojú Láísì mọ́ bí ojú ẹni tó ń retí ìdúpẹ́. "Mo rí O méjì tó so mọ́ra bí ìbejì nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́. Mo ní ìka yín ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo bá yọ ọ̀kan. N kò tilẹ̀ gba owó àtúnṣe."

"Oògùn ni mo kọ."

"Oògùn wo? Láti oṣù tó kọjá lẹ ti ń fi gbohùngbohùn pariwo pé ẹ máa bá ìjọba jà, pé ẹ máa gbógun ti ìyà. Mo ní ogun náà ló dé."

"Gbé búrọ́ọ̀ṣì, kí á lọ."

"Kí á lọ ibo? Ilẹ̀ ni mo tẹ́ ẹ sí tí mo fi kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ gbé e lọ sókè. Mo ń kọ pátákó ni, n kì í gun igi." Ó na agolo ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Báyìí ni ohun ìjà ṣe dé ọwọ́ akọni. Ó bá Alága Wọ́ọ̀dù, Alàgbà Ògúndáre, níwájú ilé ìwòsàn, tó jókòó láàárín àga ṣófo tó tẹ́ lọ salalu, tó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Fóònù ti dé pé olùdíje ti kúrò ní ìlú tó wà nítòsí wọn.

"O kan náà ni?" Alága wí. "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn wa á kà á bó ṣe yẹ."

"Ẹni tó fẹ́ràn wa ti kà á, Alága. Ó ti lọ sílé lọ ti ilẹ̀kùn."

Alága wo àwọn àga. Kò sí ẹnì kankan lórí wọn ju ewúrẹ́ kan tó gbé ẹsẹ̀ iwájú lé ọ̀kan. Ó wo Akínlàjà, ó sì tún fìlà rẹ̀ dé, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti fún un ní àṣẹ.

Ẹ wá gbọ́ bí ọkùnrin ṣe ń gòkè. Ìlú kò ní àkàbà. Ti ẹnì kan ṣoṣo tó ní in wà lórí òrùlé kan ní ìlú kejì. Nọ́ọ̀sì Olúfùnmbi, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ náà, yá wọn ní tábìlì tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọmọ ọwọ́, ó sì kìlọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dán mọ́rán. Wọ́n gbé e sábẹ́ aṣọ, wọ́n gbé àga lé e. Àwọn tó gun Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn ni wọ́n gùn. Àwọn tó gun Olúmọ, àpáta tí kì í mì ni wọ́n gùn. Akínlàjà gun àga tó wà lórí tábìlì tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àtààbọ̀, òun tí òkè kì í bá lára mu láti ìgbà tó ti já láti orí igi gúáfà tó fi dá apá ní kékeré, tí Màmá Mojírádé sì pọ̀n ọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń to eegun. Ó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ bí erin tó ń wọ odò. Ó gbé ìkejì bí ọba tó ń wọ ààfin. Nígbà tó dìde dúró tán, tábìlì ń gbọ̀n, àga orí rẹ̀ sì ń dá a lóhùn.

Ìgbà yìí ni ó rí i pé àyè kò sí. Láísì ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́ láti ibi tí etí Ọ̀mọ̀wé Ìlùfóyè parí sí, kò sì sí bí a ṣe lè fi O kan kún iwájú ogun bí kò ṣe pé kó wọ inú etí olùdíje. Akọni tó kéré ì bá sọ̀ kalẹ̀ wá ṣe ìpàdé lórí rẹ̀. Akínlàjà ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà.

Afẹ́fẹ́ sì dìde sí i. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ tó ń gbé òórùn ọbẹ̀ kiri o. Afẹ́fẹ́ ọlọ́tẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ tó dà bí èyí tí àwọn tó wà lórí àlééfà rán níṣẹ́. Aṣọ náà wú bí ikùn, ó rọ̀, ó tún wú, Ọ̀mọ̀wé Ìlùfóyè sì ń mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń wí pé rárá, rárá. Akínlàjà na ọwọ́ òsì tó di agolo mú, ó fi ìka méjì rẹ̀ yòókù gbá olùdíje mú nímú, ó sì dì í pinpin. Ẹnikẹ́ni kò tíì di ẹni tí yóò jẹ gómìnà mú báyìí rí nínú ìtàn ìpínlẹ̀ náà. Pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ O náà láti òkè, ó ń yí i bọ̀ ní apá òsì, bí Olódùmarè ṣe ń mọ ayé.

Ó kù ìdajì ni agbọ́n jáde láti ẹ̀yìn aṣọ.

Agbọ́n kan ni. Kí á má purọ́ mọ́ ọn, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí ní ilé ọtí ti ń sọ pé odidi ìtẹ́ ni. Agbọ́n kan ṣoṣo, ọlọ́já tẹ́ẹ́rẹ́, a-bí-idà-mọ́-ìdí, ẹlẹ́rù-ìjà tí kì í bèèrè ẹgbẹ́ tí èèyàn ń ṣe. Ó fò yí imú olùdíje ká, ó rí i pé ẹlòmíràn ti gbà á, ó sì bà sí ètè òkè Akínlàjà. Akínlàjà wo agbọ́n, agbọ́n wo Akínlàjà. Ó rántí pé tí òun bá ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láti lé e, ìlà náà yóò ṣẹ́, ìdajì O a sì di lẹ́tà míì tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ó rántí ọ̀rá orí fèrèsé. Ó di ojú, ó sì ń yí ọwọ́ rẹ̀ lọ. Agbọ́n ta á. Omijé bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tábìlì ké, Alága tó di ẹsẹ̀ tábìlì mú ké ju tábìlì lọ, ṣùgbọ́n ìlà náà yí bọ̀, ó pàdé ìdí ara rẹ̀, O sì pé. Bí tábìlì ṣe mì, ìkán ọ̀dà kan ta láti ẹnu búrọ́ọ̀ṣì, ó fò kọjá ogun, ó sì lẹ̀ mọ́ abẹ́ O tó bẹ̀rẹ̀ OFE, gẹ́lẹ́ níbi tí àmì ìsàlẹ̀ yẹ kó wà. Olùkọ́ èdè kan tó ń kọjá lọ dúró, ó bọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó sì mi orí pé ó dára.

Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, tó di ẹni tí a kí ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa, bí wọ́n bá ti ojú ogun dé, wọ́n máa ń fi ewé di ojú ọgbẹ́ wọn. Akínlàjà wọ inú ilé ìwòsàn, ó na ètè.

"Káàdì dà?" Nọ́ọ̀sì Olúfùnmbi bi í.

Ó mi orí.

"Ẹ lọ ra káàdì níbẹ̀ yẹn. Ẹ ra ìbọ̀wọ́, ẹ ra sírínjì. Abẹ́rẹ́ kò sí lọ́dọ̀ wa, ẹ rà á ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì." Ó wo ètè náà, ojú rẹ̀ rọ̀. "Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin, bùọ̀dá. Omi tútù nìkan ló jẹ́ ọ̀fẹ́ níbí." Ó rẹ aṣọ sínú omi náà, ó sì fi lé e lórí ètè fúnra rẹ̀. Akínlàjà yẹ àpò wò. Láísì ti gba ohun tó wà níbẹ̀.

Ó sáré gba Ìta-Ọrọ̀ lọ, aṣọ tútù lẹ́nu. Àwọn ìyá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá Mojírádé, ilẹ̀kùn gbogbo ilé tó yí wọn ká sì wà ní títì. Ó na ọwọ́ sí apá ibi tí géètì wà, ó fi ìka ya O sínú afẹ́fẹ́.

"A ti gbọ́," Màmá Mojírádé wí. "Wọ́n ní O ti di méjì. Ẹni tó lè fi O kan kún un lónìí lè yọ ọ́ lọ́la tó bá wọlé tán. Mi ò ka ìwé mọ́. Sọ ọ́ lẹ́nu fún mi, Àjàní. Kí ni ẹ ń gbé bọ̀?"

Ẹnu tó ti polongo fún ẹgbẹ́ láti ọdún mẹ́ta, ẹnu tó máa ń jí adìyẹ lórí ẹyin, ṣí, ètè rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó ṣí tán. Ohun tó jáde kò ní ọ̀rọ̀ kan nínú. Ó kùn láti imú: "Mmm̀-m̀."

"Ó ní ogun," Ìyá Adérẹ̀mílẹ́kún wí, ó sì dìde láti lọ kó aṣọ rẹ̀ wọlé.

"Jókòó." Màmá Mojírádé ti yí etí. "Tún un wí, Àjàní."

Ó tún un kùn.

"Ogun kọ́. Ogun kì í sọ̀ kalẹ̀. Ojú kan ló máa ń wà, bí ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Èyí sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀. Oògùn ni."

"Ṣé kì í ṣe òógùn?" ìyá mìíràn bèèrè. "Torí ìyẹn, àwa ti ń fún ìjọba ní òógùn wa lọ́fẹ̀ẹ́ ọjọ́ pẹ́."

"Òógùn a máa kọ́kọ́ gòkè kó tó sọ̀. Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Oògùn kí ni, Àjàní?"

Akínlàjà mí sínú. Ó kùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ohùn méjì péré, èkejì lé téńté bí ẹyẹ lórí igi: "M̀-ḿ."

"Ọ̀fẹ́," gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wí pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwé àti lẹ́tà yangàn, ẹ wá wo ọkùnrin tó fi imú nìkan ṣe ìpolongo ìbò, tí gbogbo àgbàlagbà sì gbọ́ ọ ju bí wọ́n ti gbọ́ aṣọ tí wọ́n ta sókè lọ.

Ṣùgbọ́n Màmá Mojírádé kò tíì dìde. Ó fa aṣọ tútù kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó wo ètè náà.

"Ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

Ó na ìka sókè, ó sì fi ọwọ́ ṣe bí nǹkan tó ń fò.

"Agbọ́n. Ìwọ tí o kì í gun nǹkan. Wọ́n fún ọ lábẹ́rẹ́?"

Ó mi orí. Ó tún yí àpò rẹ̀ síta fún un, kí ó lè rí inú rẹ̀.

Ìyá náà dìde, ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú ọ̀rá orí fèrèsé lọ́wọ́, ó sì so iró rẹ̀ le. "Ẹ dìde," ó wí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Bí ẹni tó fẹ́ gbé oògùn wá fún wa kò bá rí oògùn fún ètè ara rẹ̀, a jẹ́ pé òun náà nílò rẹ̀ bíi tiwa. N kò mọ ti ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ tèmi kò purọ́ fún mi."

Báyìí ni ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí ní Ìta-Ọrọ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, tí àwọn ọlọ́pàá (èyí ni pé àwọn tó ń fi ọ̀pá rìn), àwọn onígíláàsì ojú, àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn àti àwọn tí wọ́n gbé lórí ọ̀kadà, fi tò lọ síwájú ilé ìwòsàn, tí Akínlàjà sì ṣáájú wọn bí Balógun, tó ń kùn ohùn mẹ́ta àti méjì, tí gbogbo wọn ń kùn ún tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọkọ̀ olùdíje yọ lórí òkè, kò sí àga tó ṣófo. Ewúrẹ́ pàápàá ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún àgbà.

Ọ̀mọ̀wé Ìlùfóyè ní kí wọ́n dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó rí ara rẹ̀ pẹ̀lú òrùka pupa ràbàtà tó rọ̀ létí.

"Ta ló fi yẹtí sí mi létí?" ó bi Alága.

Alága wo Akínlàjà, Akínlàjà wo ilẹ̀.

"Ó yẹ ọ́, ọmọ mi," Màmá Mojírádé ké sí i láti iwájú. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí o bá yọ ọ́, ogun ló kù."

Ẹ̀rín ta láàárín àwọn àgbà títí tí olùdíje fúnra rẹ̀ fi darapọ̀ mọ́ wọn. Ó gba gbohùngbohùn lọ́rùn Akínlàjà, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú gbogbo wọn pé O náà kò ní kúrò, pé oògùn náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn òun nínú ọkọ̀ kan tó gbé àpótí mẹ́rin.

Nítorí náà, kí a kéde rẹ̀ ní oríta, kí a kéde rẹ̀ ní gáréèjì, kí ó dé etí àwọn tó wà lórí àlééfà àti àwọn tó fẹ́ gun orí rẹ̀: pé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ogun dé Òkè-Ìjùn lọ́fẹ̀ẹ́, Akínlàjà ọmọ Ọdẹ́tòyìnbó, ọmọ-ọmọ onígbákọ Burma, a-di-gómìnà-mú-nímú, a-fi-ètè-gba-idà, a-kùn-bí-oyin-kí-arúgbó-gbọ́, sì fi lẹ́tà kan ṣoṣo rán an padà síbi tó ti wá. Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ kọ oògùn ní ìlú náà, kó kọ́kọ́ kí Akínlàjà, kó tó fi O kejì sí i.

Olùdíje ti lọ sí ìlú mìíràn. Alága Ògúndáre ní ọkọ̀ tó gbé àpótí oògùn ti kúrò ní olú ìlú ìpínlẹ̀ láti àárọ̀. Awakọ̀ kò gbé fóònù ní gbogbo ìgbà tí a pè é. Màmá Mojírádé ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé ìwòsàn, Akínlàjà jókòó tì í, ètè rẹ̀ ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rá náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ ìyá, ìdajì hóró wà nínú rẹ̀. Ó ní òun kò ní í lò ó, odidi ló ń bọ̀. Bóyá ọkọ̀ náà wà lójú ọ̀nà lóòótọ́, a kò tíì lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.